Aṣọ Funfun Ọkọ̀ Sinimá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n háyà yàrá lẹ́yìnkùlé mi nílùú Ìkọ̀lé yìí tún tan jẹnẹrétọ̀ wọn lánàá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ni èéfín rẹ̀ bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òórùn bẹntiróòlù tó máa ń há síni lọ́fun, mo sì mọ̀ kí n tó yọjú síta pé wọ́n ti ta aṣọ funfun sára ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n so bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí àpótí, wọ́n ní kí Màmá wá bá àwọn wo fíìmù. Mo ní kí wọ́n máa gbádùn ara wọn, ojú ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù aṣọ yẹn ló ń bà mí, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó ti ń bà mí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù wo fíìmù lórí ibùsùn, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, tó ku díẹ̀ kí òmìnira dé, ọkọ̀ ni sinimá ń wọ̀ wá sílùú wa. Ọkọ̀ ìjọba ni, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì wá lọ́dún yẹn. Bí a bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà Òyè, kò sí ọmọ tí yóò tún jẹun kó yó. Bí àwọn mùsùlùmí bá ti kírun mọ́gàríbà tán, gbogbo ìlú á gbé àpótí àti ẹní lọ sí pápá iléèwé, wọn á ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì, ẹ̀rọ á máa kùn lẹ́yìn wa, èéfín rẹ̀ á máa rùn. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó wò ó ti di adájọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ máa ń jókòó. N kò ní dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ọmọ Bàbá Alóbì ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta obì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí kì í pa ìrun kan jẹ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó ṣáájú, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ọmọ náà sì bá a lọ. Àwa méjèèjì wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n ń fi aṣọ funfun dì í láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò sunkún. Ó kàn ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń rún un, kò sì fi àṣà yẹn sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá ti tẹjú mọ́ nǹkan, etí ìborùn á ti wà láàárín eyín.

Fíìmù àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí kòkó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tó ní oko kòkó lọ́nà Ọ̀mùò, kò gbà á gbọ́ rárá. Ó ní ta ló ń wọ bàtà dídán lọ sóko, pé bí ọkùnrin inú aṣọ yẹn bá jẹ́ àgbẹ̀, a jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ni òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn òyìnbó orí ẹṣin hàn wá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ìbọn dún, ó ṣubú sínú odò, omi gbé e lọ. Ohun tó dun Ìyá Àgbà mi jù ni pé àwọn yòókù gun ẹṣin wọn lọ, wọn ò wá òkú rẹ̀, wọn ò sin ín. Ó ń ráhùn ìlú aláìláàánú yẹn títí a fi dé ulé, nítorí pé Ìyá Àgbà kò pe ilé ní nǹkan mìíràn títí ó fi kú.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà padà wá. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín ni lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin kan jí búrẹ́dì, gbogbo ìgboro ń lé e, ó ń kó sínú àgbá omi. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá. Lójijì ni ẹni tó ni búrẹ́dì jáde síta. Ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo pápá. Ẹni tí gbogbo wa fojú ara wa rí tí omi gbé lọ, òun ló dúró yẹn, tó so aṣọ funfun mọ́ àyà, tó ní ìyàwó, tó ń tajà nílùú mìíràn.

Ẹnì kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wa pé àkúdàáyà ni.

Ẹ̀yin ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, àmọ́ nígbà tiwa kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá kú láìpé ọjọ́ kì í lọ tààrà. Á lọ tẹ̀dó sí ìlú tó jìnnà, á máa ṣòwò, á tiẹ̀ bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Bí ẹni náà bá ti dá a mọ̀ pẹ́nrẹ́n, tó pe orúkọ rẹ̀, á pòórá, ojú kò sì ní tún rí i mọ́ láéláé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ẹ̀rọ fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òṣèré ni ọkùnrin náà, kò kú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ikú kì í ṣe uṣẹ́, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà wọ ìlú létí ju ti ẹlẹ́rọ lọ. Lọ́jọ́ kejì tíṣà wa náà sọ pé eré ni, a ní "Yẹ́ẹ̀sì, sà," kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́ nínú wa. Ta ló máa jẹ́ fi ikú jẹun? Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bí a ṣe ń pọnmi bọ̀ lódò, ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbọ́: aṣọ funfun ni wọ́n fi di ìyá òun, inú aṣọ funfun sì ni àwọn èèyàn yẹn ti ń jáde. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ara mi bù máṣọ.

Ìgbà tí a ń jẹ iṣu tuntun ni ọkọ̀ náà dé lẹ́ẹ̀kẹta, fíìmù ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n sì gbé wá. Àwọn obìnrin dúdú bíi tiwa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ wọn. Àwọn ìyá wa ní nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ ọmọ gbé, ó di ọmọ mú bí ẹni di adìẹ. Èmi náà ti fẹ́ sọ tèmi ni ọ̀rẹ́ mi bá gbá ọwọ́ mi mú. Obìnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń rìn lọ, ó pọn ọmọ, ó ki etí ìborùn rẹ̀ sábẹ́ apá òsì bí ìyá ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. A ò rí ojú rẹ̀. Kó tó yíjú padà, fíìmù ti tán, aṣọ náà ti padà di funfun.

"Wọ́n ti bí i," ni ọ̀rẹ́ mi wí. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ lọ ló ń wí.

Ó lọ bá ẹlẹ́rọ, ó bi í pé ìlú wo ni àwọn obìnrin yẹn wà. Ọ̀gbẹ́ni náà ń ká wáyà rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Ọ̀mùò, ó ní lọ́hùn-ún ni, kọjá Kàbbà, lápá odò Ọya. Bóyá òun gan-an ò mọ ibẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ọmọdé fún òun láàyè ni.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń palẹ̀ mọ́. Ó di ẹ̀wù kan àti gàárì díẹ̀ sínú àpò obì bàbá rẹ̀, ó ní bí ọkọ̀ bá tún wá, abẹ́ tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun máa wọ̀. Mo bi í pé bó bá dé ọ̀hún ńkọ́, tó pe ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì pòórá? Ó ti ro ìyẹn.

"Mi ò ní pè wọ́n. Màá kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí wọn á fi rí mi fúnra wọn."

Ó wá mú mi búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí òun bá ti lọ, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ òun, nítorí ẹni tó bá ti wọ àárín wọn ti di ọ̀kan nínú wọn, ìpè kan ṣoṣo ló kù kó di afẹ́fẹ́. Mo búra. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Nígbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ náà dé kẹ́yìn. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni wọ́n fi hàn, mi ò lè sọ. Òun nìkan ni fíìmù tí n kò dá lẹ́jọ́ lọ́dún yẹn, torí pé ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ń wò. Ó ń rún etí ìborùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ. Nígbà tí mo máa jí láàárọ̀, ọkọ̀ ti lọ, òun náà ti lọ.

Bàbá Alóbì jáde síta, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Àwọn tó ń lọ sódò gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń lọ sóko gbà á lẹ́nu tiwọn, nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, orúkọ yẹn ni gbogbo àdúgbò ń pè láti ojúlé dé inú igbó kòkó. Àwọn rò pé ọmọ làwọn ń wá. Létí tèmi, pípa ni wọ́n ń pa á. Mo fi ìka di etí. Mo bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má pè é mọ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó rò pé ibà ni.

Mo dákẹ́ títí di ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ náà Bàbá Alóbì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ohùn rẹ̀ ti há, síbẹ̀ ó ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Kò nà mí, kò bú mi. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gba ọ̀nà Ọ̀mùò lọ.

Ó dé Kàbbà, ó sì dá nìkan padà. Awakọ̀ sinimá búra pé òun ò gbé ọmọ kankan. Àwọn kan ní gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ní Ọ̀mùò sọ pé òun rí ọmọbìnrin kan tó ń mu gàárì lẹ́bàá ọ̀nà, àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò nílùú wa gan-an. Ìyẹn ni pé ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá bá a níbẹ̀. Bàbá Alóbì lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Bó bá ti kírun mọ́gàríbà tán, á kọjú sí ọ̀nà Ọ̀mùò, á pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, á wá ti ilẹ̀kùn. Òdìkejì ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Mo dàgbà, mo di tíṣà, mo lọ́kọ. Ọkọ mi ní ẹbí ní Kàbbà, ìyẹn ló gbé wa débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, etí ìborùn rẹ̀ wà láàárín eyín. Mo ní kí ọkọ mi máa lọ, mò ń bọ̀. Mi ò pè é. Mo kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè fúnra rẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ìborùn bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó jọ pé mo mọ̀ yín," ló wí, pẹ̀lú ohùn àwọn ará ibẹ̀.

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bàbá rẹ̀, màá sì ní láti sọ fún un bó ṣe ń pè é nírọ̀lẹ́ gbogbo, àti ẹni tó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Rárá, ẹ ṣì mí mọ̀ ni." Mo yí padà, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí ojú tì mí tó kí n padà lọ, ọdún kan ti kọjá, wọ́n ti wó ilé yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí aránṣọ náà kó lọ. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́.

Lóde òní, ọmọ-ọmọ mi á rí òṣèré tó kú nínú fíìmù àná nínú fíìmù tòní, á máa jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ayé ti là, inú mi sì dùn pé ọmọ kan ò tún ní tìtorí ìyẹn wọ abẹ́ tapólì mọ́. Àmọ́ ohun tí àwọn àgbà kọ́ wa kò parọ́ tán. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá dá mọ̀ ló ń pòórá. Ní Kàbbà lọ́jọ́ yẹn, èmi ni wọ́n dá mọ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa jẹnẹrétọ̀ wọn lánàá, wọn ò tú aṣọ náà. Mo jáde lọ dúró níwájú rẹ̀, mo kọjú sí ọ̀nà Ọ̀mùò, mo sì pe orúkọ tí n kò pè láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Sàfúrátù."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yọrí lójú fèrèsé. Ó ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń pè?"