Ẹ̀bẹ̀ Bánjọ Tí Kò Lè Wọ Mẹ́kà

Wọ́n ní Bánjọ ti di Júù. Kìfáyàtù ló gbé e wá sílé wa, kò tilẹ̀ tíì bọ́ àbáyà tó wọ̀ ti òde dé.

"Àlàájà Ràhímátù, ẹ ò gbọ́! Bánjọ tó gbé lókè yín nígbà kan ti di Júù o. Wọ́n ní ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló máa ń wò lójú fóònù, tí á máa mi orí sí gbogbo ohun tí onítọ̀hún bá sọ."

Mo ní, "Ìwọ tí o máa ń wo àwọn ará Íńdíà tí ń jó lójú fóònù, ṣé o ti di ará Íńdíà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ni kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kírísítẹ́nì ni Bánjọ, ọmọ Ìbàdàn. Kírísítẹ́nì ló bá wọ Jẹ́dà, Kírísítẹ́nì náà ló sì bá padà sílé. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ní ilé ìwòsàn kan. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ kò sí, òun àtàwọn bíi mélòó kan á ti ilẹ̀kùn, wọn á ka Bíbélì wọn jẹ́jẹ́, kò sí àtẹ́wọ́, kò sí orin líle. Èmi Mùsùlùmí ń gbé ìsàlẹ̀, mò ń ránṣọ. Orí òrùlé kan náà la ti ń sá aṣọ ní Al-Balad, àdúgbò wa ní Jẹ́dà, ibẹ̀ la sì ti máa ń tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn Júù kò ju báyìí lọ: ó kàn án láti ṣàlàyé fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ibi tí òfin Mósè ti ní kéèyàn má ṣe máa ṣòfófó kiri. Ó wá ẹni tó máa là á yé òun lórí fóònù, ó sì bá olùkọ́ Júù kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà pàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, odindi wákàtí kan lórí ẹsẹ kan ṣoṣo! Wọn kì í tètè gbà fúnra wọn. Àgbà àtijọ́ kan á ní báyìí ni, òmíràn á ní rárá o. Ẹni ìsinsìnyí á wá béèrè pé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, tí mo tún fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíràn ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n wá sọ sí ti Wasáàpù?"

"Wọ́n ní ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ yẹn. Kódà kó jẹ́ òótọ́."

"Òótọ́ kẹ̀? Òótọ́ náà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Òótọ́ tí kò ṣe ẹnì kankan lóore, tó kàn ń ba ọmọ ẹlòmíràn jẹ́." Ó fa aṣọ tó ń sá lé okùn tọ́. "Wọ́n ní ẹni tó bá dójú ti ènìyàn láwùjọ, bí ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni. Pé ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lójú onítọ̀hún, ojú á funfun."

Mo ní, "Ojú tiwa dúdú, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo rí ojú Bàdírù lọ́jọ́ náà. Ó rí bí eérú."

Bàdírù kọ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Bánjọ ló ní kí n yí i padà bí mo bá máa kọ ọ́. Úmúrà ló bá wá, ó dúró, kò sì ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Aṣọ ló ń lọ̀ níbi ìfọṣọ kan ládùúgbò wa. Ọmọlúàbí ni. Àlàájì Saifullah ti fẹ́ fún un ní Jẹ̀mílátù ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ bí o bá fi Yorùbá kí i, Lárúbáwá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Níbi ìkómọ kan nílé Àlàájì, Bánjọ àti Bàdírù ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Àpárá di gbígbóná. Bánjọ bá ní, "Ẹni tí kò ní ìkámà ló ń báni jiyàn! Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ó ti fà ọ́ yọ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì Saifullah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìgbéyàwó náà ṣe dàrú nìyẹn. Wọ́n fi Jẹ̀mílátù fún ẹnìkan ní Táífù, Bàdírù sì kó lọ sí Al-Hujun ní Mẹ́kà.

Mo sọ fún Bánjọ pé, "Ṣùgbọ́n ó kúkú yẹ kí bàbá ọmọ mọ̀."

"Ó yẹ. Bí mo bá pè é sí kọ̀rọ̀ torí ọmọ rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni mo ṣe sọ ọ́."

Iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ parí nígbà náà, wọ́n fẹ́ dá a padà sí Nàìjíríà. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì kó tó lọ. Àwọn Júù ní ohun tí o bá ṣe sí ènìyàn, Ọlọ́run kò ní bá ọ yanjú rẹ̀ àfi bí o bá tọ onítọ̀hún lọ. Bó bá kọ̀, kí o tún padà lọ, kí o kó èèyàn lẹ́yìn, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Àfáà wa náà ń wàásù rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́, ẹlẹ́tọ̀ọ́ ló ń yọ̀ǹda rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ látọjọ́ yìí?"

"O wá sí wáàsí wa rí ni?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Kírísítẹ́nì kì í wọ Mẹ́kà. Bàdírù náà kò sì lè gba ojú ọ̀nà wá sí Jẹ́dà, àwọn tó ń yẹ ìwé wò wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò lè wọlé, ìkejì kò lè jáde.

Nígbà tí mo lọ ṣe Úmúrà, mo yà ní Al-Hujun. Bàdírù po ṣáì, ìyẹn tíì, fún mi, ó bi mí léèrè gbogbo ilé. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ Bánjọ fún un, ó ní, "Kó wá fúnra rẹ̀."

"O mọ̀ pé kò lè wá."

"Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa bínú díẹ̀. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo kó bọ̀ láti Jẹ́dà."

Bánjọ fúnra rẹ̀ wá pè é. Bí Bàdírù ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ó pa fóònù. Ni Bánjọ bá ní òun yóò bẹ̀ ẹ́ kó wá pàdé òun níbi tí ọ̀nà ti yà, níbi tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Mo ní, "Kí wọ́n lè mú un?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, mo tún fẹ́ ṣe é."

Ọjọ́ díẹ̀ ló fi ronú. Lẹ́yìn náà ló lọ bẹ Àlàájì Saifullah pé kó pe gbogbo ẹni tó wà níbi ìkómọ náà. Wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Èmi ni mo pe Bàdírù, torí tèmi ni yóò gbé. Mo sọ fún un pé Bánjọ wà níbí, pé bó bá fẹ́, kó pa fóònù. Kò pa á. Mo gbé fóònù sí àárín ilé.

Bánjọ dìde. "Ẹ rántí ohun tí mo sọ nílé yìí. Mi ò ní tún un sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ mi. Mo fi ọmọkùnrin yìí pa yín lẹ́rìn-ín, mo sì ba tiẹ̀ jẹ́. Bàdírù, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́."

Àlàájì Saifullah ní, "Ta ló kọ́ ọ ní irú ẹ̀bẹ̀ yìí?"

Ó kúkú lè purọ́. "Olùkọ́ Júù kan ni, Àlàájì. Ó wà nínú tiwa, ó wà nínú tiyín náà. Òun ló ṣáà dá mi dúró lórí rẹ̀ títí ó fi dùn mí." Ibẹ̀ lẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Kìfáyàtù ti mú àhesọ rẹ̀.

Gbogbo wa tẹ́tí sí fóònù. A ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń mí hùù lórí aṣọ tútù. Bàdírù ní, "Mo gbọ́." Ó pa á.

Àríyànjiyàn dé. Ẹnìkan ní ó ti dárí jì í nìyẹn, òmíràn ní "mo gbọ́" kì í ṣe "mo gbà." Àlàájì Saifullah ní bí ti àwọn Júù náà bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, Bánjọ ti bọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Mo sìn ín dé ìdí takisí lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó ti wọ ọkọ̀ tán, ó tún yọ orí síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún un ní nọ́ńbà tí màá máa lò n'Íbàdàn. Ẹ má sọ pé mo tún ń bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ kàn sọ fún un pé bí ìbínú rẹ̀ bá ṣì kù, tí kò tíì bú mi tán, kó pè mí, màá gbé e."