Kóòtù Ọ̀gbọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Lọ́jọ́ tí a pín aṣọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kú ní Ẹ̀pẹ́, agbádá àti fìlà ni àwọn ọmọ wọn ń dù. Èmi ò du nǹkan kan. Kóòtù funfun kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ ni mo ń wò nínú àpótí, ojúlówó aṣọ ọ̀gbọ̀ tí àwọn télọ̀ ń pè ní línìnì. Òun ni bàbá máa ń wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti jẹ́ akọ̀wé kí Òyìnbó tó fi ìlú sílẹ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, fọ́tò ni mo fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ojú mi ti wà lára aṣọ yẹn.

Ìyàwó wọn, ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, sọ pé ẹni tó bá lè fọ̀ ọ́ kó sì lọ̀ ọ́ dáadáa lójú àwọn nìkan ni àwọn máa gbé e fún. Àwọn ọmọ wọn ní kí ni àwọn fẹ́ fi aṣọ àtijọ́ ṣe. Mo ní èmi máa lọ̀ ọ́. Àyà mi ń lù bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, bẹ́ẹ̀ n kò yege ìdánwò kankan mọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí. Mo fọ aṣọ, mo fi sítáàṣì sí i, mo sá a. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ṣòkòtò náà gan débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Inú mi dùn. Mo kó iná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ̀ ọ́, ó ṣì rún. Mo tún lọ̀ ọ́, kò yí padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, òtútù mú mi lẹ́yìn ọrùn nínú oòrùn gangan. Ọ̀rọ̀ yé mi: ẹni tó ni aṣọ kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù òkú ṣe yẹ̀yẹ́ níléeṣẹ́ wa, mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ṣòkòtò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n pín ẹrù yín o."

Àṣé ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bàbá ni, mà. Wọn ò fẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Aṣọ ló gbẹ jù. Omi ló ń fẹ́, kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀."

Wọ́n ní ọ̀gbọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ àǹkárá, pé tó bá ti gbẹ táútáú, iná kankan kò ràn án. Nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n á ká a sínú ìró, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí omi kárí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Wọ́n ní bàbá fúnra wọn lọ ṣòkòtò tó ṣáájú èyí ní gbígbẹ, wọ́n sì jó o. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń fa kóòtù bo ìdí ní ilé ẹjọ́, torí ojú áyọ́ọ̀nù ti yàwòrán síbẹ̀.

Mo wọ́n omi, mo ká a, mo dúró bí wákàtí kan. Nígbà tí mo gbé iná lé e, ó dún ṣàà, ooru bo ojú mi, aṣọ sì jọ̀lọ̀ bí ìwé tuntun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sí ijó.

Mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu bíi pé èmi ni wọ́n wọn. Mo dúró gbọingbọin, mo na apá síta kí ohunkóhun má kàn án. Ìyá àgbà yí mi po lẹ́ẹ̀mejì.

"Jókòó."

Mo ní ó máa rún.

"Mo ní kí o jókòó."

Mo jókòó, mo dìde. Orúnkún ṣòkòtò ti hunjọ. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bó ṣe máa ń rún fún wọn náà nìyẹn. Máa gbé e lọ, ọkọ mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, "ìwọ ọmọ yìí" ni wọ́n ń pè mí.

N kò bọ́ ọ. Ní gáréèjì, awakọ̀ kan ń ké sí mi pé, "Lọ́yà, Ìkòròdú, ó ku ẹnì kan." N kò sọ fún un pé páálí ni mò ń dì níléeṣẹ́. Mo mi orí, mo wọlé, mo jókòó.