Etí Súbérù àti Ìdí Ọkọ̀ Tó Ń Ké

Bí o bá dé Parakú ní nǹkan bí ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira, tí ìdí ọkọ̀ rẹ sì ń ké, ẹni àkọ́kọ́ tó o bá bi léèrè ní àdúgbò Sóńgò yóò na ìka sí abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ojú irin. Yóò ní, "Lọ bá Bàbá Súbérù. Etí rẹ̀ ló ń tún ọkọ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń bá a gbé irin ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ, tàbí ká kúkú ní òótọ́ ni tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Súbérù. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin bọ̀ wá sí Parakú ló bá iṣẹ́ dé ìlú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Òòlù ńlá ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ pé kó máa fi kan ìṣó mọ́ ojú irin, láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀, gbàn-án gbàn-án, ọdún mẹ́rin gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe lọ́dọ̀ òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà ti padà sílé rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́tí sí ìdí ọkọ̀ ló fi sílẹ̀ fún Súbérù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kò ní kọ́kọ́ tú ohunkóhun. Yóò gun ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò ṣí pákó kan nílẹ̀ rẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò wá da etí ọ̀tún kọ ihò náà, lókè irin ńlá tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí àwọn awakọ̀ Parakú ń pè ní pọ́ọ̀. Yóò pariwo sí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pé, "Ẹ panu mọ́! Ẹ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ ro ẹjọ́ tirẹ̀." Láti Sóńgò dé Alubáríkà, láti Alubáríkà padà sí Sóńgò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́. Àlàájì kan wà tó pa ikọ́ mọ́ra lọ́jọ́ kan títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ poroporo.

Bí ìdí ọkọ̀ bá ké nígbà tí awakọ̀ tẹ iná, tó dákẹ́ nígbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, àwọn irin eléyín inú pọ́ọ̀ ni kò jẹ ara wọn re mọ́. Igbe tín-ín-rín ni ìyẹn, bíi ti ẹ̀fọn. Bó bá ń kùn bí ọlọ, tó sì ń le sí i bí ọkọ̀ bá ṣẹ́rí sí apá kan, rulumáà ni, òrùka tí ọta irin ń yí nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Súbérù á sọ̀ kalẹ̀, á gbọn eruku ara rẹ̀, á ní, "Rulumáà. Ẹsẹ̀ òsì." Wọ́n á tú u, ẹsẹ̀ òsì náà ni. Kì í tàsé, ó sì mọ̀ pé òun kì í tàsé.

Ohun kan ló ń bí i nínú nípa òmìnira. Láyé àwọn òyìnbó, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra lọ sí Kutọnu láàárọ̀, ọ̀gá ibùdó a fọn fèrè kékeré ẹnu rẹ̀. Súbérù ní àwọn ọ̀gá tuntun wọ̀nyí ti ya ọ̀lẹ, wọn kì í fọn ọ́n mọ́. "Òmìnira dé, fèrè lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, àwọn ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ fèrè náà, wọ́n sì rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni. Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá sọ fún un pé, "Bàbá Àràmọ́tù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè yín," èsì tí yóò gbà ni pé, "Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ sínú. Obìnrin kì í lanu sọ̀rọ̀ láyé yìí mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn nígbà tí Gàní wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Awakọ̀ ni Gàní, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún oníṣòwò kan ní Sóńgò. Ẹrù iṣu ló fẹ́ gbé lọ sí òkè, lápá Kándì, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí Súbérù, ó ní, "Bàbá, ìdí kàmíọ̀ mi ń ké. Mi ò fẹ́ kó dá mi dúró lójú òkè."

Súbérù dùbúlẹ̀, wọ́n lọ sí Alubáríkà, wọ́n bọ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn bí ọlọ. "Rulumáà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún." Wọ́n tú u, ó sì rí bẹ́ẹ̀: òrùka náà ti sán, ọta irin méjì ti fọ́. Ó fi tuntun sí i, ó fi gíríìsì pa á dáadáa, ó tún dùbúlẹ̀ lórí pákó, wọ́n tún lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìdí ọkọ̀ dákẹ́. Gàní tẹ iná, ó dákẹ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Súbérù sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Ó ti tán." Ó wá rí i pé Gàní la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé? O gbọ́ nǹkan ni?"

Gàní wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Bí ẹ̀yin ò bá gbọ́, Bàbá, kò sí nǹkan."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Súbérù títí dé inú eegun. Ó gbé e délé, ó sọ ọ́ fún Kúlúsúmù nígbà tó ń gbọ́únjẹ fún un, ó tún un sọ. Kúlúsúmù kàn ń bu ọbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ìròyìn dé. Ọkọ̀ náà ń gun òkè kan lẹ́yìn Kándì, iṣu kún un dẹ́nu, ni àwọn irin eléyín inú pọ́ọ̀ bá ká. Ẹ́ńjìnnì ń ké lásán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bíréèkì nìkan kò lè mú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀, ó dojú dé sínú kòtò, ó sì tẹ Gàní lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn Parakú ni wọ́n gbé e wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ padà wá sábẹ́ máńgòrò. Súbérù fúnra rẹ̀ ló tú pọ́ọ̀ náà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òróró, ó kó eyín irin mẹ́ta jáde, ó fi aṣọ nù wọ́n, ó sì tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti jóná di dúdú, ojú wọn ti jẹ di bí ojú abẹ. Irin kì í jẹ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Irin tó bá jẹ bẹ́ẹ̀ ti ní láti ké fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ká, igbe tí kò ní fi ẹnikẹ́ni lọ́rùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó jókòó sórí táyà, ó ń wo eyín mẹ́ta náà títí àwọn ènìyàn fi kí i tì.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Tàíbátù ìyàwó Gàní dìde fún un lórí àpótí. Gàní ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì gbìyànjú láti tẹríba fún un lórí ibùsùn. Gàní kọjú sí i, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Alubáríkà, ohùn tín-ín-rín kan ń dún létí mi bí mo bá ti tẹ iná. Ó bá mi dé Kándì. Ẹ̀yin ti ní kò sí nǹkan, mo bá ní etí mi ló ń pariwo. Mo tiẹ̀ ra oògùn etí lọ́nà, mo sì ń kán an sí i. Ṣé nǹkan ni, àbí etí mi ni?"

Súbérù ní, "Sinmi, ọmọ mi." Ó sì jáde. Ó tijú ara rẹ̀ bó ti ń kọjá láàárín àwọn ènìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó dúró síwájú ọ̀gá ibùdó, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí i. Nígbà tó tó àkókò, ọ̀gá fi fèrè sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọmọ kan tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń sunkún. Ọkọ̀ gbéra. Súbérù gbọ́ bí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ti ń kùn lórí ojú irin, ó gbọ́ ọ dáadáa. Kò gbọ́ fèrè.

Ó délé, ó sọ ọ́ fún Kúlúsúmù. Obìnrin náà ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Kúlúsúmù wò ó lójú. "Ta ni yóò sọ fún Súbérù pé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́?"

Súbérù kó irinṣẹ́ òyìnbó sínú àpótí, ó tì í. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí etí rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ bá Gàní, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ yóò máa ṣépè fún etí ara rẹ̀ títí ayé.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Gàní, etí rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí o gbọ́, ìdí ọkọ̀ ló ń ké. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Etí mi ti kú, kì í gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́, mi ò mọ̀, mo sì sọ fún ọ pé kò sí nǹkan."

Gàní wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tán lábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri, Súbérù sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, pé ó ń sọ nǹkan. Tàíbátù gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ, ó fi ìborùn bo ojú.

Súbérù tẹ́ etí ọ̀tún sílẹ̀, bó ti máa ń ṣe lórí pákó, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ ìdáríjì, ó lè jẹ́ èpè. Ó dúró díẹ̀ bóyá Gàní yóò tún un sọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó béèrè. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì ń lọ sílé.