Àrọ̀ Mẹ́fà Ìyàwó Onígbàjámọ̀

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni onígbàjámọ̀ náà.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé, yàrá méjì wà lẹ́yìn ìsọ̀. Àga kan, dígí kan, abẹ mẹ́ta. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, títí ẹsẹ̀ fi dá a dúró. Dókítà ní kó jókòó. Obìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó ra àpótí dígí, ó da iyanrìn àti òkúta sí i, ó pọnmi sí i, ó ra àrọ̀ mẹ́fà.

Kì í ṣe àrọ̀ tí à ń jẹ. Wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran wọn ti wá. Wọn kò ní ìpẹ́. Eegun pẹlẹbẹ ló tò sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bíi páànù orí ilé. Látàárọ̀ ni wọ́n ń ti ẹnu bọ iyanrìn, tí wọ́n ń wá oúnjẹ. Bó bá ṣe díẹ̀, ọ̀kan á sáré lọ sókè, á gbé atẹ́gùn mì, á tún já wálẹ̀. Wọ́n máa ń ṣẹ́jú síni. Wọ́n sì ní irùngbọ̀n.

“Oníbàárà mẹ́fà nínú ilé,” ni ọkọ máa ń wí, “gbogbo wọn onírùngbọ̀n, kò sí ẹyọ kan tó ń jókòó fún abẹ.”

“Wọ́n ti rí orí àwọn tẹ́ ẹ fá ni,” ìyàwó á sì dáhùn.

Ìyàwó kú. Ó ti di ọdún kan ààbọ̀. Ọkọ wá gba iṣẹ́ àrọ̀, ó ń ṣe é bó ṣe rí i tí obìnrin náà ń ṣe é. Ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́tà, á bu omi inú àpótí sí garawa, á yọ fóòmù tó ń sẹ́ omi, á fún un lẹ́ẹ̀mejì nínú omi àtijọ́ yẹn, á dá a padà. Ó parí. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún fọ aṣọ àdúgbò kò jẹ́ kí ọṣẹ dé ìtòsí fóòmù náà.

“Ìdọ̀tí inú ẹ̀ ló ń bá mi fọ omi,” ló máa ń sọ. “Tí mo bá fọ̀ ọ́ mọ́, ìtọ̀ ara wọn ló máa pa wọ́n.”

Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin. Òun àti ìyá rẹ̀ jà lórí ọkùnrin tó fẹ́. Ọdún méje, kò wálé. Ọkùnrin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò wálé. Ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ ní òun ń bọ̀. Ìgbà tó máa dé, wọ́n ti sin ín. Ó lo ọjọ́ méjì, ó lọ. Ó wá tún dé lọ́dún yìí, pẹ̀lú báàgì ńlá méjì. Bàbá kò bi í pé ọjọ́ mélòó. Ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, a kì í pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ Àbámẹ́tà, bàbá lọ gẹ irun fún oníbàárà kan tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe ń wọlé padà, òórùn ọṣẹ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ má tíì jókòó o. Ẹ wá wò ó!”

Àpótí dígí ń dán. Iyanrìn mọ́ lau. Fóòmù funfun bí inú búrẹ́dì.

“Gbogbo ẹ̀ ni mo tú. Ẹ ò rí ohun tó jáde lára fóòmù yẹn, bí epo mọ́tò! Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹfà, bí Màámi ṣe kọ́ mi. Inú wọn ì bá dùn, àbí?”

Ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti dé, bàbá kò tíì rí ẹ̀rín yẹn.

“O kú iṣẹ́,” ni bàbá wí. “O ṣeun.”

Kò ní sọ. Kó tó bọ́ bàtà ló ti pinnu. Bí ọmọ yìí bá mọ ohun tó ṣe, báàgì méjì yẹn á tún jáde.

Láti ọjọ́ kejì, kí ọmọ tó jí, bàbá ń gbọ́n omi kúrò, ó ń da èyí tó ti wà nínú garawa láti àná sí i. Garawa méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án. Omi náà dà bí omi ìrẹsì síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn àrọ̀ kò wo iyanrìn mọ́. Òkè ni wọ́n ń sáré lọ, léraléra, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan kú. Bàbá fi bébà wé e, ó fi sápò, ó ní òun ń lọ ra abẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún, méjì.

“Bàbá, ṣebí mẹ́fà ni wọ́n?”

“Wọ́n máa ń sá sábẹ́ òkúta.”

Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ òkúta.

Ní ọjọ́ kẹfà, méjì tún lọ. Ní ọjọ́ keje, bàbá ránṣẹ́ pe ẹni tó tà wọ́n, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Lékeléke nítorí ọrùn rẹ̀. Lékeléke dé, ó na ọrùn wo omi, ó yọ fóòmù, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló fi ọṣẹ fọ̀ ọ́?”

Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni,” ni bàbá wí.

“Ìwọ? Ìwọ tó bá mi jà lọ́jọ́sí torí mo fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan dígí?”

“Mo gbàgbé. Àgbà ti dé.”

“Àgbà wo? Orí ẹlòmíì nìkan lo mọ̀ ọ́n tún ṣe, tìẹ ti dàrú! O ò bá tètè pè mí, ká kó wọn sómi tèmi. Wò ó báyìí.”

Ẹyọ kan tó kù ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ nà gan-an. Kò ṣẹ́jú. Lékeléke mi orí, ó lọ, kò dágbére.

Ọmọ gbé àwo kalẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́?”

Bàbá dá fóòmù náà padà sínú omi.

“Èmi ni. Màámi ń kú lọ, mi ò wá. Ìgbà tí mo wá, mo pa ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.”

“Gbọ́. Àìsàn ló pa ìyá ẹ. Ọṣẹ ló pa ẹja. Má pò wọ́n pọ̀.”

“Ọṣẹ mi ni.”

“Ọṣẹ ẹ ni. Ó dùn mí, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, a ò bá rí méjì mẹ́ta yọ. Ẹ̀rù bà mí pé wàá lọ. Ìwọ fi ọṣẹ pa wọ́n, èmi fi ẹnu dídì pa wọ́n.”

Ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sẹ́yìn ilé. Ọmọ yọ wáyà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, ilé sì dákẹ́. Kò ní òun máa dúró. Kò ní òun máa lọ. Bàbá kò bi í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ìrẹsì tí ọmọ rẹ̀ sè, àti ẹyin díndín méjì. Ìrẹsì náà jóná nísàlẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.