Káàdì Tí Kò Ní Wáyà àti Orin Ìkórè Ìyá Mi

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, ìyá mi kọ orin kan fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Olódò, ọ̀gá akọrin sì gbà á sínú ìwé orin ọdún náà. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n ń kọ ọ́ nídìí ààrò, wọ́n tún ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń sá aṣọ. Èmi ni mo tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà mi nílé. Ó wá ku bí yóò ṣe dé ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì títì, níbi tí kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Bí kò bá jáde kí Sọ́ńdè tó dé, orin èṣí la máa kọ.

Ẹnu tí kọ̀ǹpútà mi fi ń gba dísìkì ti bàjẹ́. Mo ti fa wáyà kọjá títì rí, ọkọ̀ tó ru pákó ló já a lọ. Ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun bá fi káàdì méjì ránṣẹ́, irú èyí tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi rédíò. Mo fi ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ilé, mo fi èkejì sínú ti ṣọ́ọ̀ṣì. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, èmi ni mo sì kọ́ ara mi. Dírẹ́bà káàdì náà, ìyẹn ètò tó ń ṣe ògbufọ̀ láàrin káàdì àti kernel tó jẹ́ ọkàn Linux, ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí ló kọ ọ́, ó sì ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn.

Bí mo bá fi ìlà kan ránṣẹ́, ó ń dé. Bí mo bá fi odidi ìwé orin ránṣẹ́, yóò lọ díẹ̀, káàdì tilé á sì dákẹ́, àfi kí n yọ dírẹ́bà kúrò kí n tún un gbé wọlé.

Òróró ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìyá mi ti gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì ti fi òróró pa á lórí. Mo tú u, mo ń fi sípíríìtì nu eyín káàdì.

"Ṣé òróró mi lò ń nù yẹn?"

"Mọ́mì, káàdì kì í jẹ òróró."

"Ìwọ tó ń jẹ ẹ́ ńkọ́, kí lo fi ṣe?"

Káàdì tún dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òróró kọ́.

Mo wá fi àwọn ìlà kéékèèké há inú dírẹ́bà, kó lè máa kọ ohun tó ń ṣe sójú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pé apá kan ìwé ti wọlé síbẹ̀, káàdì á pe kernel, dírẹ́bà á kó ọ̀rọ̀ náà, á sì dá káàdì lóhùn pé òun ti gbọ́. Ìdáhùn yẹn ni ìlà tó kẹ́yìn nígbà gbogbo. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìpè mọ́.

Ọ̀sán Fúráìdé ni ọ̀gá akọrin yà sílé wa. Ìyá mi ń dín ẹja lẹ́yìnkùlé.

"Ẹnjiníà, ṣé orin èṣí náà la máa kọ ni?"

"Ẹ fún mi dọ̀la, sà."

Wọ́n kọjú sẹ́yìnkùlé. "Ìyá, orin yín á jáde o! Ohùn yín ò ní há o!"

Epo ń ta. Ó ṣe díẹ̀ kí ìyá mi tó dáhùn. "Àmín o!"

"Ha! Àdúrà méjì ni mo gbà, Àmín kan lẹ ṣe. Èwo lẹ mú níbẹ̀?"

"Mo pa á pọ̀ ni! Ẹ jẹ́ kí n yí ẹja mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà: ohun tí dírẹ́bà ń ṣe gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tí dírẹ́bà bá kó ọ̀rọ̀ tán ló tó ń dáhùn. Bí ìpè kejì bá wọlé nígbà tó ṣì ń kó ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń pa méjèèjì rẹ́. Káàdì gbà pé wọ́n ti gbọ́ òun. Kernel ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún pe òun, àwọn méjèèjì á wá máa dúró de ara wọn. Mo gbé ìlà ìdáhùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó máa kọ́kọ́ dáhùn kó tó kó ọ̀rọ̀, kí ìpè tó bá tẹ̀ lé e lè dá dúró fúnra rẹ̀.

Mo tún fi ìwé orin ránṣẹ́, tààrà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó lọ, kò dákẹ́.

Nígbà tí a gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti òdìkejì títì, ìyá mi fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, wọ́n sáré kọjá. Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń kọ orin wọn tẹ̀ lé e: wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á dúró de èyí tó kàn, bí ẹni tí kò mọ ohun tó máa jáde.

Ẹja náà jóná. Èmi, ìyá mi àti ọ̀gá akọrin la jọ jẹ ẹ́.