Ìbọ̀sẹ̀ Ẹsẹ̀ Òsì

Nígbà tí sáà parí, tí ẹgbẹ́ họ́kì wa ṣe ipò kẹwàá nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá, Alága pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìmúra. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ má bọkàn jẹ́. A ń tún ẹgbẹ́ kọ́ ni." Ọdún kẹta rèé tí a ti ń tún un kọ́. Bó bá jẹ́ ilé ni, à bá ti máa kùn ún lọ́dà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ Alága sínú ìwé ìpàdé, n kò sì da ara mi láàmú mọ́. Mo ṣí ojú ewé ti ọdún tó kọjá, mo dà á kọ.

Obìnrin méjìlélógún ló ń gbá họ́kì fún wa nígbà náà. Òfin líìgì ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá lè fi orúkọ mẹ́rìndínlógún ránṣẹ́ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jókòó sílé. Ìsinmi oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń gba eléré tuntun lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ fóònù orí tábìlì tèmi kò dún rárá. Láràárọ̀ ni Kóòṣì ń wọlé wá gbé e sétí bóyá ó ti bàjẹ́, tí á tún gbé e padà sáyè rẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kàn pè wá ni. Gbogbo ẹni tó bá yà sí ọ́fíìsì lásìkò náà, ìwé tó máa fi lọ ló wá gbà. Ọ̀kan ń lọ sílé ọkọ, ọ̀kan ríṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́, ọ̀kan ní orúnkún òun kò gbà fún òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín, títí tí wọ́n fi ku mẹ́rìndínlógún géérégé.

Kò sẹ́ni tó lè fi wá sílẹ̀ láìgba ọwọ́ Ìyá Aṣọ kọjá. Orúkọ tí a ń pè é nìyẹn, nítorí òun ló ń fọ aṣọ ẹgbẹ́, òun ló ń rán èyí tó bá ya, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí àwọn òǹwòran máa ń jókòó sí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan máa ń rìn kúrò láyè rẹ̀ bó bá ń fọ nǹkan. Maṣíìnì ìránṣọ kan tó fi aṣọ ìnura àtijọ́ bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìṣó méjìlélógún tó ń fi aṣọ eléré kọ́ ló sì wà lára ògiri, nọ́ńbà wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà nínú wọn ti ṣófo. Obìnrin kékeré ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó fi ojú lásán lé Alága jáde nínú yàrá yẹn nítorí pé ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀.

Ó ní àṣà kan tí a máa ń tìtorí rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ìyá Aṣọ ò gbà. Ó ní tí èèyàn bá ti fi ìbọ̀sẹ̀ sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀sẹ̀ náà ti mọ ẹsẹ̀ tó ni ín. Nítorí náà, ó ń fi òwú pupa rán àmì sí ti òsì, ó ń fi òwú dúdú rán sí ti ọ̀tún, á wá rán nọ́ńbà eléré sábẹ́ àmì náà, wínníwínní. Eléré tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ dá ohun gbogbo padà kí Ìyá Aṣọ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, nítorí líìgì ní Kóòṣì, akọ̀wé àti olùtọ́jú aṣọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ríṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún sílé. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ padà lọ mú un, ó ń sunkún. Ìyá Aṣọ bu omi fún un nígbà tó dé, ó gba ìbọ̀sẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé.

Nínú àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù, eléré tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ ni ọmọ Ìyá Aṣọ fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Asáretete là ń pè é. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó mọ ìrìn rìn, inú yàrá ìfọṣọ yẹn ló sì dàgbà sí, tó ń fi igi họ́kì tí wọ́n gé kúrú gbá ọṣẹ kiri ilẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìsinmi parí, ẹgbẹ́ ńlá kan ní ìlú tó jìn tó ìrìn ọjọ́ kan kọ̀wé sí i pé kí ó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé rẹ̀ pé kí ó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ọjọ́ Jímọ̀ kan náà, aago kan náà, ni àwa gbọ́dọ̀ fi orúkọ mẹ́rìndínlógún tiwa ránṣẹ́.

Kóòṣì fọwọ́ sí ìwé ọmọ náà, omi lójú. Èmi náà fọwọ́ sí i, mo kí i kú oríire. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó jáde kí n tó rántí pé tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́rìndínlógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, àti pé ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì kò nílò akọ̀wé, kò sì nílò ẹni tó ń fọ aṣọ.

Asáretete kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Jẹ́sì méjì pé, síkẹ́ẹ̀tì méjì pé, ike tí wọ́n ń so mọ́ ojúgun wà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún wà. Ti òsì kò sí.

"Màámi, mo kó wọn papọ̀ sínú báàgì yìí lánàá. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

"Èmi ò rí i."

"Ẹ jẹ́ n ra òmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

"Èyí tí o gbà lọ́wọ́ mi ni wàá dá padà. Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣojúsàájú nítorí ọmọ mi?"

Nígbà tí Alága gbọ́, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ní ìpàdé, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ wo olóòótọ́ èèyàn! Kò tilẹ̀ fi ti ọmọ tó bí ṣe!" Ó ní kí n tẹ ìwé ìyìn kan fún un, kí n sì lo páálí tó nípọn. Kóòṣì ní òun á bá wọn wá ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo rí i tó ń wá a lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò rí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, mo mú ìwé ìyìn náà lọ fún Ìyá Aṣọ. Ó ti jáde lọ sá aṣọ sóòrùn. Mo ń wá ibi gbígbẹ tí mo lè gbé ìwé náà sí, ni mo bá ká aṣọ ìnura orí maṣíìnì sókè. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀, wọ́n ká a mọ́ra dáadáa. Òwú pupa. Nọ́ńbà keje. Nọ́ńbà Asáretete.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo bò ó padà, mo sì gbé ìwé ìyìn lé e lórí. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú tó tì mí kò ní kí n má jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, mo wà lọ́dọ̀ Ìyá Aṣọ, mo ní mo wá gba bọ́tìnì kan, ká má purọ́, mo wá wò bóyá iṣẹ́ mi ṣì wà. Asáretete wọlé. Ó kí wa, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Màámi, mo ti rí i."

Ìyá Aṣọ wọ ìgò ojú rẹ̀. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà, ó yí i síta, ó yí i sínú. Òwú pupa wà níbẹ̀, nọ́ńbà keje wà lábẹ́ rẹ̀, wínníwínní. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni, ọwọ́ ìránṣọ tó fi kọ́ ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Èyí kọ́," ó wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màámi?"

Ibi kan ṣoṣo ni Ìyá Aṣọ ti lè mọ̀ dájú, ibẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tó dúró. Èmi gbójú sókè, mò ń wo àjà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

"Ọjọ́ kejì ni mo ti rí i," ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Mò ń wá abẹ́rẹ́, mo bá ká aṣọ ìnura yẹn."

"Kí ló dé tí o ò mú un?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ fún mi. Mo dúró títí, ẹ ò fún mi. Ni mo bá ní kí n ra òmíràn, kí n fi ọwọ́ ara mi rán àmì sí i, kí ẹ lè máa fi tibẹ̀ yẹn pamọ́ bó bá wù yín."

Ìyá Aṣọ jókòó. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nu ojú, kò nu ìgò. "Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́," ó wí. "Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹwàá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá délé tí n kò bá bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, ta ni màá máa bá jà?"

Asáretete kúnlẹ̀, ó gbórí lé itan ìyá rẹ̀. Èmi náà ń nu ojú, bọ́tìnì tí mo wá gbà ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, Ìyá Aṣọ dìde, ó gbé ìwé ìyìn Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwò ó, ó mú ìbọ̀sẹ̀ tòótọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìnura. Ó tò ó mọ́ àwọn méjì yòókù, ó wo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọn. "Tìrẹ tilẹ̀ gún ju tèmi lọ," ó wí, bíi pé ó ń bá ọmọ náà wí. Ó fọwọ́ sí ìwé. Níbi tí wọ́n ní kí ó kọ ohun tó gbà sí, ó kọ ọ́ pé: jẹ́sì, méjì, síkẹ́ẹ̀tì, méjì, ìbọ̀sẹ̀, mẹ́ta.

"Ìyá Aṣọ, mẹ́ta kẹ̀?"

"Ohun tí mo gbà ni mo kọ, Akọ̀wé. Irọ́ tí mo pa lóṣù yìí ti tó."

Ní aago méjì ọ̀sán, orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níwájú mi. Alága ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ́fíìsì, ó ń sọ fún ògiri pé a ń tún ẹgbẹ́ kọ́. Mo ka òfin sókè: obìnrin ni kí eléré jẹ́, kí ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kí ó sì ní fọ́tò méjì. Wọn ò sọ ọjọ́ orí tó pọ̀ jù. Ìyá Aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú àwọn jẹ́sì tó ti lọ̀ wá.

"Kọ orúkọ mi," ó wí.

Alága yíjú sí i. "Màmá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Ọdún tí líìgì ò béèrè."

A kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gólì kejì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé, mo fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Lọ́jọ́ kejì, Alága lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu géètì pé ẹgbẹ́ ti gba eléré tuntun kan tó ti wà nídìí họ́kì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kò purọ́.

Asáretete wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún. Mo fò sókè tí àga mi fi ṣubú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ńlá yẹn ni. Ó ní ìwé ọmọ náà ti dé, ó sì pé, ohun kan ṣoṣo ló rú àwọn lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mélòó lọmọ yìí ní? Wọ́n kọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta síbí."

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá Aṣọ jókòó sí etí pápá, Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fẹ́ so tìmùtìmù gólì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá Aṣọ fọwọ́ dá a dúró. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè, èyí tuntun tí ọmọ rẹ̀ rán àmì sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ òwú pupa rẹ̀ dáadáa, kí ó tó gbà kí Kóòṣì máa so ó.

"Ẹsẹ̀ méjì ni," mo wí. "Ẹ̀kẹta wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀."