Jáńtì Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ṣe àdúà fídáù ìyá mi tán ni bàbá mi bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta jáńtì kẹ̀kẹ́ tó ṣe é gbọ́kàn lé ní Sokodé. Jáńtì ni àwa ń pe irin róbótó tí táyà jókòó lé. Mò ń fọ ìkòkò ńlá tí a fi se oúnjẹ àwọn ààfáà lọ́wọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kò burú, a ó jọ wá a. Mo padà sídìí ìkòkò mi.

Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ. Ní àkókò yẹn, kò sí ohun tó ń yà mí lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá ní kí n jókòó, màá jókòó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, màá jẹ ẹ́, mo sì lè sọ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó tàbí kò tó. Àwọn obìnrin tó wá kí wa láti Bago ń sunkún nínú yàrá, èmi ni mò ń bu omi fún wọn mu. Ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ mi, ó ń gbọ̀n, mo sì ń wò ó pé okùn ọ̀já orí rẹ̀ ti tú, ó yẹ kí n fi abẹ́rẹ́ gán an fún un.

Aránṣọ ni mí. Kouloundè, ní Sokodé, ni mo ń gbé, mo sì ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi níbẹ̀. Èdè Tem ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀, àfi bí mo bá dé Kambolé, ìlú wa tí a ti ń sọ Yorùbá, ni ẹnu mi tó ń sinmi. Ọ̀sán ni wọ́n pè mí pé Ìyá kò gbádùn. Apá aṣọ kan ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo rán an dé ìparí, mo gé òwú, kí n tó dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jáńtì tó ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ ládùúgbò wa. Bàbá àti Ìyá jọ wà lóko, lọ́nà Goubi. Ìyá ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn kan kò lè di nǹkan mú mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń lọ́. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nínú oko yẹn, kò sì sí alùpùpù tó ń kọjá lásìkò náà. Bàbá gbé Ìyá sórí káríà kẹ̀kẹ́. Wọ́n bọ́ ìró kan lára Ìyá, wọ́n fi so Ìyá mọ́ ẹ̀yìn ara wọn bí a ti ń pọn ọmọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ náà lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n dé afárá kékeré tí omi òjò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ já sí kòtò. Jáńtì náà ká bí ìdérí agolo tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò lè yí mọ́, ṣe ló ń ha irin. Bàbá tú ìró náà, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi so Ìyá mọ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń tì í lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò yí, títí tí ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti Goubi fi bá wọn lójú ọ̀nà, tó sì gbé Ìyá. Ní ọsibítù ní Tchamba, níbi tí mo ti lọ bá wọn, Ìyá sùn, wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. A gbé wọn padà sí Kambolé, a sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin Mùsùlùmí, kíákíá, láìsí ariwo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fẹ́ kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò nínú ọgbà wa. Wọ́n ní ojú àwọn kò fẹ́ máa rí i. Wọ́n ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, pé àwọn ọmọ yóò dáwó ra alùpùpù fún Bàbá. Bàbá ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, èmi sì tẹ̀lé wọn nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kí n má tẹ̀lé wọn.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe wa ní òun lè fi òòlù lu jáńtì náà kó tún nà. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní irin tó bá ti ká lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti ká. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó tú àwọn sípóòkì, ìyẹn àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sì yọ jáńtì tó bàjẹ́ náà fún wa pé kí a mú un dání, kí a fi wọn tuntun, kí ihò èyí tí a bá rà bá ti èyí mu. Ó ní kí a wo ojú ibi tí irin ti pàdé irin dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni jáńtì burúkú ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

A kọ́kọ́ lọ sí Tchamba. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, wọ́n gbé jáńtì kan tó ń dán yanran jáde fún wa. Fúyẹ́fúyẹ́ ló rí lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ní kì í dípẹtà láéláé. Bàbá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń mì bí àwo tí ìdí rẹ̀ kò tẹ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ọ yíká. Nígbà tó dé ojú ìpàdé, àtàǹpàkò wọn kọ́. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ tèmi náà kàn án. Mo kàn án. Ó dà bí ojú rírán tí aránṣọ kò fa òwú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní táyà yóò bò ó. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde. Ṣọ́ọ̀bù kejì ní èyí tó le, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kò tó ti àtijọ́ wa.

Mo ra búrẹ́dì, a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a jẹ ẹ́. Ọ̀nà ọsibítù wà níwájú wa gan-an. Kò sẹ́ni tó wo apá ibẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Nígbà tí ọkọ̀ Sokodé kún, a wọlé.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Kouloundè, bàbá mi kò tíì sùn sí yàrá mi rí. Ìyá ni í máa ń wá, tí yóò dé pẹ̀lú ẹ̀wà àti èlùbọ́, tí yóò sì máa tún ibi tí mo ti tún ṣe tún ṣe. Bàbá jókòó sórí àga oníbàárà, jáńtì tó ká náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ro ọkà, a jẹ ẹ́. Wọ́n béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Wọ́n fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ ìránṣọ mi díẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe ń yí, wọ́n ní ó ń yí tààrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n kírun, wọ́n sùn. Èmi náà sùn. Mi ò lálàá kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ará ilé mi kan léèrè, ó sì júwe ọ̀dọ̀ Àlájà kan fún wa nínú ọjà ńlá. Baba-baba Àlájà yìí ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sì padà mọ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí àwọn ọmọ wọn, Hausa ni wọ́n fi ń bá àwọn tó ń kó ọjà wá dúnàá dúrà. Àwọn jáńtì rọ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù náà lórí okùn, ńlá àti kékeré, bí ẹ̀gbà ọwọ́. Nígbà tí Àlájà gbọ́ ohùn bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ará Kambolé kì í lè fi ohùn pamọ́. Wọ́n fún Bàbá ní àga. Wọ́n gba jáńtì àtijọ́ náà, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀.

"Bàbá, kí lẹ máa fi kẹ̀kẹ́ náà rù?" Àlájà béèrè. "Ṣé iṣu ni àbí èédú?"

Bàbá ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Ènìyàn kan ni," wọ́n ní. "Ìyàwó mi."

"Ṣé ó sanra?"

"Kò sanra. Ó tún ti fọn díẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n okùn tí jáńtì wà lórí rẹ̀ ni mò ń wò, pé okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé ni, pé ẹni tó ta á ní kókó kò mọ kókó ta. Àlájà kò rí nǹkankan lójú àwa méjèèjì. Wọ́n kàn mi orí bí ọlọ́jà tó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ènìyàn ni, tó sì jẹ́ ọ̀nà oko ni, kí Bàbá má ṣe sún mọ́ èyí tó fúyẹ́, ọ̀nà ọlọ́dà ni ìyẹn dára fún. Irin ni kí wọ́n mú. Ó wúwo, yóò sì dípẹtà bí wọn kò bá nù ún, àmọ́ bó bá pàdé òkúta, kì í kán lójijì.

Wọ́n sọ méjì kalẹ̀ láti orí okùn. Àwọn méjèèjì bá ti àtijọ́ mu ní fífẹ̀ àti ní iye ihò. Bàbá tẹ́ wọn lórí gíláàsì tábìlì Àlájà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mì. Wọ́n gbé wọn dání, wọ́n ń fi èékánná ta wọ́n yíká, wọ́n dẹ etí sí i. Ọ̀kan ń dún bákan náà káàkiri. Èkejì ń dún gbọ̀lọ̀ ní ibì kan. Èyí tó ń dún bákan náà ti ní ìpẹtà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ kò sì dán tó ti èkejì, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá fi àtàǹpàkò kọjá lójú ìpàdé rẹ̀, kò kọ́. Òun ni wọ́n mú. Àlájà ní wọ́n yàn dáadáa, wọ́n sì ní kí a bá wọn kí ìyàwó.

"Yóò gbọ́," ni Bàbá wí.

A rìn kọjá àwọn tó ń ta bàtà kí Bàbá tó tún sọ̀rọ̀. Jáńtì tuntun wà léjìká wọn, àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú," wọ́n sọ fún mi. "Má rò pé mi ò mọ̀. Àmọ́ èyí tó lè gbé e ni mo wá rà."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi ní Tchamba, tí mi ò tíì rí àyè sọ. Nọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú orí Ìyá, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù nígbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tí yóò já sí náà ni yóò já sí. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ọ̀pá aṣọ. Bàbá tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n bi awakọ̀ bóyá ó di jáńtì náà dáadáa sórí ọkọ̀.

Ó gba atúnkẹ̀kẹ́ṣe wa ní gbogbo àárọ̀ láti hun àwọn sípóòkì náà sí jáńtì tuntun. Ó ń fa ọ̀kan, ó ń dẹ òmíràn, ó fi ṣọ́ọ̀kì sún mọ́ ọn, ó ń yí i, ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kàn ni yóò tún fà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kò kan ibì kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ pọnmi. Wọ́n rí kẹ̀kẹ́ náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ omi kalẹ̀, wọ́n bu omi sí kọ́ọ̀bù fún Bàbá, wọ́n sì lọ.

Bàbá ní kí n gùn ún. Mo ní mo wúwo ju Ìyá lọ. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Mo jókòó sórí káríà, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá kan, mo di ẹ̀wù wọn mú. A gba ọ̀nà Goubi. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku sì wà lójú gbogbo ewé. Ẹ̀yìn bàbá mi ń lọ síwá sẹ́yìn níwájú mi, mo sì ń gbọ́ èémí wọn. Nígbà tí a dé afárá kékeré náà, mo rò pé wọn yóò sọ̀kalẹ̀. Wọn kò sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú já sínú kòtò, ó jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn já sínú rẹ̀, ìdí mi gbá irin, ó sì jáde. Wọ́n dúró ní òdìkejì, wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, wọ́n yí i, wọ́n ń wo àárín bíréèkì. Ó ń yí, kò kan apá ọ̀tún, kò kan apá òsì.

"Ó dúró," wọ́n wí.

Mo retí pé ẹkún yóò wá síbẹ̀. Mo tilẹ̀ dúró dè é díẹ̀, mo ń wo omi tó ti gbẹ lábẹ́ afárá. Kò wá. Bàbá kò kán mi lójú. Nígbà tí mo yíjú padà, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì ti fi etí apá aṣọ nu imú.

A dé oko. Àwọn ẹyẹ ti ń jẹ ọkà bàbà tí kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò lórí rẹ̀. Bàbá ń tẹ igi ọkà náà sílẹ̀, èmi ń gé orí rẹ̀, mo ń jù ú sínú agbọ̀n, títí oòrùn fi kan àtàrí, tí wọ́n sì ní kí n wá sí abẹ́ igi ẹ̀mí, èyí tí a ti ń rí òrí, wá mu omi.